Ọkọ̀ oníná, ọkọ̀ onígáàsì: ibo ni òfin fi wọ́n sí?

Ìbéèrè láti Kubwa, Àbújá: Àbúrò mi fẹ́ gbé Toyota hybrid (ọkọ̀ tó ń lo epo àti iná pọ̀) wọlé láti Amẹ́ríkà. Ajẹ́ńtì ní ọkọ̀ oníná ni, ká kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù. Mẹkáníìkì wa ní irọ́ ni. Kí ni ìtumọ̀ "oníná" gan-an? Ṣé ọkọ̀ tí wọ́n yí sí CNG (gáàsì àdáyébá tí wọ́n fún pọ̀) náà ní ẹgbẹ́ tirẹ̀?

Ìdáhùn: Mẹkáníìkì yín ló jàre. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ló ń tan èèyàn. "Oní" lédè wa ń sọ ohun tí nǹkan ní: oníṣu ní iṣu, onílé ní ilé. Hybrid ní bátìrì ńlá, ó ní ẹ̀rọ iná tó ń yí táyà, ta ló máa wá bá ẹni tó pè é ní oníná jà? Ohun tí òfin ń béèrè yàtọ̀: ibo ni ọkọ̀ yìí ti ń jẹun? Epo nìkan ló ń wọ ẹnu hybrid lásán. Iná inú bátìrì rẹ̀, ẹ́ńjìnnì ló pèsè rẹ̀, tàbí kí ọkọ̀ kó o jọ nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì.

Láti ọdún 2017 ni ìwé nọ́ńbà ọjà tí gbogbo kọ́sítọ́ọ̀mù àgbáyé ń lò ti yà wọ́n sọ́tọ̀, nọ́ńbà mẹ́fà àkọ́kọ́ sì bára mu níbi gbogbo. Hybrid oníbẹntiróòlù tí kò ṣeé ki bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì jẹ́ 8703.40. Èyí tó ṣeé ki bọ̀ ọ́ jẹ́ 8703.60. Ti dísù jẹ́ 8703.50 àti 8703.70 bákan náà. Èyí tí iná nìkan ń wà jẹ́ 8703.80, òun nìkan ló yẹ kí á pè ní oníná láìjanpata.

Ẹ yí ọkọ̀ náà po kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Bó bá jẹ́ ojú ihò epo nìkan lẹ rí, .40 ni. Bí ẹ bá rí ihò epo, tí ẹ tún rí ibòmíràn tó ní sọ́kẹ́ẹ̀tì ṣáàjì, .60 ni. Ẹ má fi wáyà aláwọ̀ ọsàn tó nípọn lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ṣe àmì, gbogbo wọn ló ní in. Bí ajẹ́ńtì bá kọ .80 sórí .40, ẹni tó bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì nígbà àyẹ̀wò á rí ẹ́ńjìnnì, á rí sàléńsà lẹ́yìn. Ọkọ̀ á dúró síbẹ̀ títí wọ́n á fi tún ìwé kọ, owó ibùdó á sì máa gun orí ara. Orúkọ àbúrò yín ló wà lórí ìwé, kì í ṣe ti ajẹ́ńtì.

Ní ti CNG, kò ní nọ́ńbà tirẹ̀ lọ́dọ̀ kọ́sítọ́ọ̀mù. Ẹ́ńjìnnì tó ń fi pọ́lọ́ọ̀gì ṣáná ṣì ni, wọ́n á fi í sáàárín àwọn oníbẹntiróòlù bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá ṣe tóbi tó: 1,500 sí 3,000 cc jẹ́ 8703.23. Àwọ̀ nọ́ńbà ọkọ̀ náà kì í tìtorí gáàsì yí padà: búlúù fún ọkọ̀ àdáni, pupa fún ti akérò, ohunkóhun tí ì báà máa jẹ. Lábẹ́ òfin agbára (Energy Policy Act) tí Amẹ́ríkà ṣe lọ́dún 1992 ẹ̀wẹ̀, CNG, gáàsì ìdáná, háídírójìn, iná àti E85 (ẹ́tánọ́ọ̀lù tí wọ́n pò mọ́ bẹntiróòlù) wà lára epo àfidípò, hybrid lásán kò sí níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí wọ́n kọ FlexFuel sí lára (tó lè lo E85) fi lè jẹ́ ọkọ̀ epo àfidípò lọ́hùn-ún, kó sì di ọkọ̀ bẹntiróòlù lásán ní Wuse.

Ibi tí "gáàsì" ti léwu ni pé orúkọ kan náà là ń pe méjì. Gáàsì ìdáná kì í tó 20 bar (bar ni wọ́n fi ń wọn agbára tí gáàsì fi ń ti ara sìlíńdà), kódà nínú oòrùn Kano. CNG jẹ́ 200 bar, bẹ́ẹ̀ bíi 2.2 ni táyà ọkọ̀ kékeré sábà máa ń gbà. Ìlànà UN tó ń jẹ́ R67 ló wà fún ti ìdáná, R110 fún CNG. Ẹ wo ara sìlíńdà: ó gbọ́dọ̀ ní R110 tàbí ISO 11439, ọdún tí wọ́n ṣe é àti ọdún tí yóò parí, tí kì í kọjá 20 ọdún síra. Èyí tí wọ́n bá fi wẹ́dà lẹ̀, ẹ má jókòó sínú ọkọ̀ náà.

Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló máa ń ya èèyàn lẹ́nu jù. Àwa ń pè é ní Márúwá, Àbújá ń pè é ní Napep, Kano ní A Daidaita Sahu. Bó bá ní sítíárìn bíi ti ọkọ̀, tàbí tó ní ríbáàsì àti dífúrẹ́ńṣà (jíà tó ń jẹ́ kí táyà ẹ̀yìn méjèèjì lè yí ní ìyára ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀) pọ̀, kọ́sítọ́ọ̀mù kà á mọ́ ọkọ̀, 8703. Bí kò bá ní wọn, alùpùpù ni, 8711, oníbátìrì rẹ̀ sì jẹ́ 8711.60. Kẹ̀kẹ́ oníbátìrì ló wá ń dá iyàn sílẹ̀, torí ẹ̀rọ iná lè yí sẹ́yìn láìsí jíà kankan. Kí ẹ tó sanwó fún irú rẹ̀, ẹ gba ìwé àlàyé ilé iṣẹ́ tó ṣe é, kí ẹ wo ibi tí wọ́n ti dárúkọ dífúrẹ́ńṣà.