Caprice: orí ló ti wá, kì í ṣe ara ewúrẹ́

Ẹ bèèrè ohun tí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, caprice, túmọ̀ sí, ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni pé ara ewúrẹ́ ni wọ́n ti mú un. Ẹ kọ́kọ́ pè é dáadáa ná: ìparí rẹ̀ dún bíi ti police, kò dún bíi ti rice. Kapríìsì.

Èrò tàbí ìfẹ́-inú tó ṣàdédé sọ síni lọ́kàn ni, tí kò nídìí kan pàtó, tó sì lè yí padà kílẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ yìí ló ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Capra ni Látìn àti Ítálì ń pe ewúrẹ́, ewúrẹ́ a sì máa ṣàdédé fò sókè, ni wọ́n bá so méjèèjì pọ̀. Ṣùgbọ́n caporiccio ni ọ̀rọ̀ Ítálì àtijọ́. Capo ni orí. Riccio ni lílì, ẹran kékeré ẹlẹ́gùn-ún tó máa ń ká jọ róbótó téèyàn bá ti fọwọ́ kàn án. Orí tí irun rẹ̀ dìde gàgà bí ẹ̀gún lílì ni wọ́n ń sọ, ìyẹn ìgbọ̀nrìrì tí ẹ̀rù òjijì ń fà. Àwa tá a máa ń sọ pé “orí mi wú” kò yẹ kó ṣòro fún wa rárá. Láti orí ìgbọ̀nrìrì ló ti ṣí lọ sórí ohunkóhun tó bá ṣàdédé múni. Ẹ̀yìn èyí ni ewúrẹ́ tó wọ̀ ọ́, nítorí ìró tó jọra. Shakespeare pàápàá fi ṣeré nínú As You Like It, ó kó capricious (ìyẹn ẹni tàbí ohun tó kún fún caprice) àti ewúrẹ́ sínú gbólóhùn kan. Caporiccio yẹn di capriccio ní Ítálì, Faransé sọ capriccio di caprice, Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á lọ́wọ́ wọn ní àwọn ọdún 1600.

Ọ̀rọ̀ tó ti ara ewúrẹ́ wá ní tòótọ́ ni Capricorn, orúkọ àmì ìràwọ̀ kan tó túmọ̀ sí ìwo ewúrẹ́. Cab tí wọ́n ń pe takisí náà ńkọ́? Ara cabriolet ni wọ́n ti gé e, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin fífúyẹ́ tó ń fò bí ewúrẹ́.

Ní ti lílò, èèyàn lè ra bàtà on a whim, ìyẹn torí pé ó kàn ṣàdédé wù ú. Ẹ má kọ on a caprice. Whim fúyẹ́, kì í sábà pa ẹlòmíì lára. Caprice wúwo jù ú lọ: ẹni tó lágbára lórí ẹlòmíì ni wọ́n sábà máa ń lò ó fún. Nínú òfin Amẹ́ríkà ti 1946 lórí iṣẹ́ àwọn àjọ ìjọba, ilé ẹjọ́ lè fagi lé ìpinnu tó bá jẹ́ capricious. Tẹ́ ẹ bá túmọ̀ ìyẹn sí “oníyèméjì”, ẹ ti bà á jẹ́, torí ìpinnu tí kò nídìí tó gúnmọ́ ni wọ́n ń sọ. Nínú orin ẹ̀wẹ̀, kò sí àbùkù níbẹ̀: 24 caprice tí Paganini, olórin ará Ítálì, tẹ̀ jáde ní 1820 jẹ́ orin tó ń lọ bó ṣe wù ú.

“Ìfẹ́-ọkàn” nìkan ò tó fún ìtumọ̀, torí ìfẹ́-ọkàn lè bá èèyàn dọ́jọ́ ikú. Tẹ́ ẹ bá rí “tenants at the caprice of the landlord”, ẹ kọ ọ́ báyìí: ohun tó bá ṣáà ti sọ sí onílé lọ́kàn lòfin àwọn ayálégbé.