Ṣé dandan ni kí n kọ́kọ́ di dókítà kí n tó lè ṣe ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ ìlera?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Èdè ni mo kà ní fásitì, iṣẹ́ ògbufọ̀ sì ni mò ń ṣe. Àwọn kan tó ń ṣe ìwádìí ní ọsibítù pè mí pé kí n wá bá wọn túmọ̀ ọ̀rọ̀, ni iṣẹ́ yẹn bá wọ̀ mí lọ́kàn. Ṣé mo gbọ́dọ̀ padà lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà tàbí nọ́ọ̀sì ni? Mo mọ ọ̀rọ̀ sọ dáadáa, mo sì fẹ́ máa la àwọn èèyàn lọ́yẹ̀, torí àìmọ̀ ló ń pa wọ́n.

Ìdáhùn: Rárá, kò pọn dandan, àìmọye ìgbà ni mo ti dáhùn ìyẹn. Gbólóhùn yín tó kẹ́yìn yẹn gan-an ló ká mi lára. Àìmọ̀ ló ń pa wọ́n? Tẹ́ ẹ bá gbé èrò yẹn wọnú iṣẹ́ yìí, ẹ ò ní ṣe é re.

Ẹ gbọ́ o. Láyé ọdún 1950 sókè, ìjọba Amẹ́ríkà ń fi mọ́tò gbé ẹ̀rọ X-ray kiri àdúgbò, ọ̀fẹ́ ni, kí wọ́n lè tètè rí ikọ́ ẹ̀gbẹ tó bá wà láyà èèyàn, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ò yọjú. Wọ́n wá gbé ọ̀rọ̀ náà fáwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, kì í ṣe àwọn tó ń tọ́jú ikọ́. Ọ̀kan nínú wọn ni Godfrey Hochbaum, òun ló lọ bi àwọn èèyàn ní ohun tó wà lọ́kàn wọn, tó wá gbé èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 1958. Nínú 100 èèyàn tó gbà pé àrùn yẹn lè mú òun, tó sì tún gbà pé àǹfààní wà nínú kéèyàn tètè rí i, 82 ló ti lọ ya X-ray. Nínú 100 tí ò gba ìkankan nínú méjèèjì, 21 péré. Ibi tí ohun tá à ń pè ní Health Belief Model ti ṣẹ̀ nìyẹn, ìyẹn àlàyé nípa bí ohun téèyàn gbà gbọ́ ṣe ń darí ohun tó máa ṣe nípa ìlera rẹ̀, ẹ máa bá a pàdé nílé ìwé.

Ẹ̀yin ògbufọ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ tètè rí èyí tó kàn. Lọ́dún 2006, àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà fi ike oògùn han àwọn aláìsàn, wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé kí wọ́n lo hóró méjì lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Nínú àwọn tí ìwé kíkà ò fi bẹ́ẹ̀ já geere lẹ́nu wọn, bíi 71 nínú 100 ló sọ ọ́ bó ṣe wà. Wọ́n ní ó dáa, ẹ ka iye tẹ́ ẹ máa lò lójúmọ́ kan sílẹ̀ ká rí i, bíi 35 nínú 100 ló ka mẹ́rin! Ẹnu sọ ọ́, ọwọ́ ò lè ṣe é. Aláìsàn kọ́ ni mo máa bá wí o, ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ sára ike yẹn ni. Ì bá kọ ọ́ pé méjì láàárọ̀, méjì lálẹ́, ì bá yé wọn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ wa nìyẹn, kéèyàn jókòó, kó béèrè, kó dákẹ́ kó gbọ́, kó kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, kó tún ọ̀rọ̀ tò, kó tún padà lọ dán an wò. Ọ̀rọ̀ dídùn lẹ́nu ò kúkú burú, àmọ́ etí la fi ń jẹun níbí. Ilé oògùn lèmi ti bẹ̀rẹ̀, n ò tiẹ̀ mọ̀ pé irú iṣẹ́ yìí wà, àwọn tá a sì jọ ń ṣe é, ọ̀kan ka ìṣirò, òmíràn ka tíátà.

Ohun tó kù fún yín ni ọgbọ́n ìwádìí àti sitatísíìkì díẹ̀. Másítà nínú ìlera aráàlú tàbí nínú ìmọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ lè gbé yín débẹ̀, ṣùgbọ́n fásitì kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tiẹ̀, ẹ bi wọ́n kẹ́ ẹ tó forúkọ sílẹ̀, n ò sì lè ṣèlérí iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ń ta sátífíkéètì ọ̀sẹ̀ méjì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ní iṣẹ́ ti dájú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún wọn ní kọ́bọ̀, inú ń bí mi sí wọn gan-an ni.

Ẹ padà sọ́dọ̀ àwọn tẹ́ ẹ bá túmọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ máa bá wọn kọ ohun táwọn aláìsàn sọ sínú ẹ̀rọ sílẹ̀ lórí ìwé. Àmọ́ kẹ́ ẹ ṣe é lábẹ́ àṣẹ wọn o, ohùn aláìsàn ò gbọ́dọ̀ bá yín délé.