Kí ni kí n kọ́kọ́ wò lára Toyota 4Runner tòkunbọ̀ tí mo fẹ́ máa gbé gba ọ̀nà ẹrẹ̀, kí sì ni kí n yí padà?

Abẹ́ ọkọ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà yìnyín ní Amẹ́ríkà àti Kánádà máa ń jẹ ṣaṣí (férémù irin abẹ́) Toyota yìí. Ẹ fi òòlù kékeré kàn án, pàápàá nítòsí táyà ẹ̀yìn, bí ìpẹtà bá sì ń ṣí bí èèpo, ẹ má rà á rárá, bó ti wù kí ọ̀dà rẹ̀ dán tó. Ẹ ṣí rédíétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù: lára àwọn ti 2003 sí 2005, ó lè ya nínú, kí omi dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì gíá, kí ó sì ki bí ẹ̀kọ mímu, ó pupa rúsúrúsú. Orí yẹ̀pẹ̀ ni kí ẹ ti dán 4L (gíá alágbára tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi ń rọra wọ́ ọkọ̀) wò, kì í ṣe orí títì ọlọ́dà.

Ní ti àtúnṣe, táyà tí eyín rẹ̀ jìn ni kí ẹ kọ́kọ́ náwó lé. Bí ẹ bá gbé ọkọ̀ sókè ju nǹkan bí íǹṣì 2 tàbí 3 lọ, ṣáàfù tó ń yí táyà iwájú yóò dagẹ̀rẹ̀ jù, rọ́bà tó bò ó yóò sì tètè ya.