RAM ò lè bá yín tọ́jú iṣẹ́ tíná bá lọ

Ẹ̀gbọ́n tó ní òun fi RAM, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń gbé ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, kún kọ̀ǹpútà òun, láti 4GB sí 8GB, tí wọ́n bá sì ti múná gbogbo nǹkan tóun tẹ̀ ṣì ń pòórá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bá ẹni tó tà á fún yín jà. RAM yẹn ò bàjẹ́. Kẹ́ ẹ tiẹ̀ gbé e dé 64GB, tíná bá ti lọ, ohun tó wà nínú ẹ̀ náà lọ nìyẹn.

Ojú mi ti rí i. Mò ń tẹṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan l'Ákúrẹ́ nígbà yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Ọba, màmá kan wá láti Oǹdó fún ìwé ètò ìsìnkú ìyá wọn, oríkì àti ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ, gbogbo ẹ̀ ìwé àfọwọ́kọ. Desktop là ń lò, UPS, ìyẹn bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà díẹ̀ tíná bá lọ, ti kú tipẹ́, ẹnì kan sì ti pa AutoRecover, ohun tó ń tọ́jú ẹ̀dà iṣẹ́ fúnra ẹ̀ nínú Word, torí ó ní ó ń jẹ́ kó lọ́ra. Mo tẹ ojú ìwé 14 láì séèfù lẹ́ẹ̀kan péré, torí mo rò pé ohun tójú mi bá ti ń rí lórí síkíríìnì, ó ti wọnú kọ̀ǹpútà nìyẹn. Iná lọ. Ká tó tan jẹnẹrétọ̀ ká ṣí i padà, funfun báláú. Màmá yẹn ò sọ̀rọ̀, wọ́n kàn ń tún àwọn bébà yẹn tò lórí itan wọn, mo sì tún un tẹ̀ di òru.

Ohun tí mo wá mọ̀ ni pé iná bíńtín ni RAM fi ń pa nǹkan mọ́, nínú àwọn kapásítọ̀ kéékèèké tójú ò lè rí, iná yẹn sì ń jò, bí ìgbà téèyàn pọnmi sínú garawa tó ti lu. Kọ̀ǹpútà ló ń sáré yí ká tó ń bu òmíì kún un, ó máa ń dé orí ọ̀kọ̀ọ̀kan ju ìgbà 15 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Tíná bá lọ, ta ló fẹ́ bu kún un? Bó ṣe rí nìyẹn látìgbà tí Robert Dennard tó ń ṣiṣẹ́ ní IBM ti gbàwé ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀ ní 1968.

RAM tẹ́ ẹ fi kún un wúlò o, ẹ máa lè ṣí nǹkan púpọ̀ pa pọ̀, àmọ́ ibẹ̀ kọ́ niṣẹ́ ń sùn. Ctrl+S, ìyẹn séèfù, ló ń gbé e lọ sórí hard disk, ìyẹn ò nílò iná kó tó rántí nǹkan. Tẹ́ ẹ bá fi sí Sleep, inú RAM náà niṣẹ́ ṣì wà, bátìrì lápútọ́ọ̀pù á gbé e díẹ̀, desktop ò ní ti ẹ̀. Hibernate ló ń kọ gbogbo ẹ̀ sórí disk kó tó kú. Ẹ ra UPS, kékeré náà tó, ìṣẹ́jú bíi 5 tẹ́ ẹ máa fi séèfù lẹ fẹ́. Ẹ sì wo AutoRecover inú Word yín, tiyín náà lè ti wà ní pípa, ẹ tàn án, ẹ fi sí ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan.