Ìwé ìbúra kọ́ọ̀tù kì í pa gbèsè rẹ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, lọ́yà. Aṣọ ni mò ń tà ní Òkè-Àjé, Ìjẹ̀bú-Òde. Mo jẹ báǹkì máíkírò kan lówó, ẹ̀gbọ́n mi ló ṣe onídùúró mi níbẹ̀. Mo tún jẹ áàpù ìyáwó orí fóònù méjì. Ọkùnrin kan tó máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà kọ́ọ̀tù ní kí n mú 85,000 náírà wá, pé òun á bá mi ṣe ìwé ìbúra pé mo ti wọ gbèsè tí n kò lè san mọ́, gbogbo rẹ̀ á parí, ọlọ́pàá ò sì ní lè mú mi. Ṣé kí n san án?

ÌDÁHÙN: Ẹ má san kọ́bọ̀ fún un, Ìyá wa.

Láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ṣágámù ni wọ́n ti ń bi mí ní ìbéèrè yìí, irọ́ kan náà ló sì máa ń wà nínú rẹ̀, nítorí náà òun ni n ó kọ́kọ́ dáhùn. Ẹ̀rí tí ẹnì kan fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́ ni ìwé ìbúra. Akọ̀wé kọ́ọ̀tù tó lu òǹtẹ̀ sí i kàn ń sọ pé ẹni náà búra níwájú òun ni; kò sọ pé òótọ́ ló wà nínú rẹ̀, adájọ́ kankan kò kà á, kò sì sí olówó kankan, ìyẹn ẹni tí a jẹ lówó, tí ó di dandan fún láti tẹ̀ lé e. Mo ti rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí: ojú ewé kan péré, fọ́tò pélébé lókè, òǹtẹ̀ nísàlẹ̀, àti láàárín wọn, gbólóhùn pé èmi lágbájá jẹ báǹkì báyìí ní iye báyìí, n kò sì ní agbára láti san án mọ́. Ẹni tó fọwọ́ sí èyí ti fi owó ara rẹ̀ ra ẹ̀rí fún ẹni tí yóò pè é lẹ́jọ́, nítorí pé agbẹjọ́rò báǹkì yóò so ó mọ́ ìwé ẹjọ́ rẹ̀, yóò sì ní kí adájọ́ dá ẹjọ́ lójú ẹsẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí onígbèsè ti jẹ́wọ́.

Ìkéde pé ènìyàn ti wọ gbèsè tí kò lè san mọ́ (bankruptcy ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é) wà nínú òfin Nàìjíríà lóòótọ́, láti 1979. Ṣùgbọ́n Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ nìkan ló lè ṣe é, èyí tó wà ní Abẹ́òkúta, kì í ṣe kọ́ọ̀tù májísíréètì, kì í sì í ṣe Ilé Ẹjọ́ Gíga ti ìpínlẹ̀ tó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Olówó lè béèrè fún un bí gbèsè bá tó 2,000 náírà (iye tó yẹ kí wọ́n ti tún ṣe tipẹ́), onígbèsè náà sì lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ. Bí ilé ẹjọ́ bá ti kéde rẹ̀, ọjà, ilẹ̀ àti owó rẹ yóò bọ́ sí ọwọ́ aṣojú kọ́ọ̀tù, tí yóò pín wọn fún àwọn olówó; irinṣẹ́, aṣọ wíwọ̀ àti ohun ìsùn díẹ̀ ni wọn yóò fi sílẹ̀. Títí ilé ẹjọ́ yóò fi tú ọ sílẹ̀ kúrò nínú ìkéde náà, o kò lè díje fún ipò aṣòfin tàbí gómìnà, o kò sì lè ṣe olùdarí ilé iṣẹ́ bí kò bá sí àṣẹ kọ́ọ̀tù. Èyí tó kàn yín jù ni pé bí wọ́n tilẹ̀ tú onígbèsè sílẹ̀, wọn kò tú onídùúró rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n yín ni báǹkì yóò yí sí. N kò tíì rí ìwé yín, ṣùgbọ́n kò dájú lójú mi pé ọ̀nà yìí yẹ alájàpá aṣọ.

Ní ti ọlọ́pàá, Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 sọ pé wọn kò gbọdọ̀ mú ènìyàn nítorí àdéhùn tí kò mú ṣẹ lásán. Ọlọ́pàá kì í ṣe òṣómàáló. Àmọ́ bí ẹ bá fún ẹnì kan ní ṣẹ́ẹ̀kì tí owó kò sí nídìí rẹ̀, tàbí tí ẹ fi ayédèrú ìwé yá owó, ọ̀ràn ti wọ̀ ọ́ nìyẹn, ẹ tètè wá agbẹjọ́rò kí ẹ tó sọ ohunkóhun.

Ìrànlọ́wọ́ tó yẹ kí ẹ wá ni ẹni tí yóò bá yín kọ̀wé sí báǹkì, kí wọ́n fi kún ọjọ́ tí ẹ ó fi san owó náà, kí wọ́n sì dín èlé kù. Báǹkì púpọ̀ máa ń gbà, nítorí pé ẹjọ́ ń ná àwọn náà lówó. Ẹ ka ìwé ìyáwó yín dáadáa kí ẹ tó lọ: bí ẹ bá ti fọwọ́ sí ìlànà GSI ti Báńkì Àpapọ̀ níbẹ̀, wọ́n lè fa owó nínú àkáǹtì mìíràn tó wà lórí BVN yín. Ní ti àwọn áàpù, bí wọ́n bá ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ẹ̀gàn ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn yín, ẹ tọ́jú àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ náà, kí ẹ sì fẹjọ́ sun FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà.

Bí owó tó ń wọlé fún yín kò bá ju owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ là sílẹ̀, ẹ lè béèrè agbẹjọ́rò ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ Legal Aid Council. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò NBA ní ẹ̀ka ní Ìjẹ̀bú-Òde àti ní Ṣágámù. Kí ẹ tó lọ síbẹ̀, ẹ sọ òótọ́ fún ẹ̀gbọ́n yín, kó má jẹ́ lẹ́tà báǹkì ni yóò sọ ọ́ fún wọn. Bí ọkùnrin ẹnu ọ̀nà kọ́ọ̀tù yẹn bá sì tún pè yín, ẹ bi í ní nọ́ńbà tí wọ́n fi kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí agbẹjọ́rò ní Ilé Ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Àbújá.