Ọmọ mi ti parí ọdún kejì nínú ọdún mẹ́rin tó máa lò ní OOU (Yunifásítì Olabisi Onabanjo), GP rẹ̀, ìyẹn ìpíndọ́gba máàkì rẹ̀, jẹ́ 4.30. Ṣé ó ṣì lè gba First Class?

Ó lè gbà á, ẹ̀gbọ́n. Lórí òṣùwọ̀n 5.00, 4.50 ni First Class ti bẹ̀rẹ̀, 3.50 sí 4.49 jẹ́ Second Class Upper. Ẹ ní ọdún mẹ́rin ló máa lò ní Àgọ́-Ìwòyè. Tí yúníìtì (ìwọ̀n tí wọ́n fún kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan) tó ti ṣe bá tó iye èyí tó kù, 4.70 ló gbọ́dọ̀ mú nínú ọdún méjì tó kù kí àpapọ̀ rẹ̀ tó di 4.50.

Ó le o, àmọ́ kò kọjá agbára ọmọ tó ti ń mú 4.30. Kọ́ọ̀sì tí yúníìtì rẹ̀ pọ̀ ni kó gbájú mọ́ jù. A nínú kọ́ọ̀sì oníyúníìtì 3 máa fún un ní póíǹtì 15, B á fún un ní 12. Nínú oníyúníìtì 1, 5 àti 4 péré ni. Iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá sì sábà máa ń ní yúníìtì púpọ̀, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó má fi ṣeré.

Ẹ̀bùn akẹ́kọ̀ọ́ tó tayọ jù tí wọ́n ń fúnni níbi ìkẹ́kọ̀ọ́jáde yàtọ̀ sí First Class: ẹnì kan ló ń gba ìyẹn, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá dé 4.50 ló ni First Class.