Irú ológbò wo ló yẹ ẹni tí kì í sábà sí nílé?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Èmi nìkan ni mo ń gbé. Aago méje àárọ̀ ni mo máa ń jáde, ilẹ̀ á sì ti ṣú kí n tó wọlé. Ó pẹ́ tó ti ń wù mí láti ní ológbò, àmọ́ mi ò fẹ́ èyí tí màá fi gbogbo ìgbà mi tọ́jú. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n wá Persian, irú ológbò onírun gígùn kan, torí pé ó máa ń jókòó jẹ́ẹ́. Ẹlòmíì ní ọmọ ológbò ni kí n mú, kó lè tètè mọ̀ mí. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?

ÌDÁHÙN: Inú mi dùn pé ẹ béèrè kí ẹ tó mú un wálé. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ti dojú rú ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbé ológbò wá bá mi. Nínú ìmọ̀ràn méjèèjì tí wọ́n gbà yín, kò sí èyí tí mo lè fọwọ́ sí. Èyí tí mo máa bá yín mú ni ológbò tó ti dàgbà, tó ti lé lọ́dún 2, onírun kúkúrú, tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún kó má baà bímọ mọ́, tí ẹni tó ń bọ́ ọ sì lè sọ ìwà rẹ̀ fún yín.

Òótọ́ ni pé oníwà pẹ̀lẹ́ ni Persian. Irun rẹ̀ ni wàhálà. Ojoojúmọ́ lẹ ó máa fi òòyà ya á. Bí ẹ bá gbàgbé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, irun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í dì pọ̀ lẹ́yìn etí àti lábẹ́ apá, níbi tí ara ti ń gbo ara. Wọ́n ti gbé ọ̀kan wá bá mi rí tí irun ikùn rẹ̀ ti le bí ẹní. Bí a bá fọwọ́ kàn án, á kígbe. A ní láti gún un lábẹ́rẹ́ oorun kí a tó lè fá a, nígbà tí a sì fá a tán, awọ abẹ́ rẹ̀ pupa, ó ti ń dá egbò. Ẹni tó ni ín fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, ojú rẹ̀ kún fún omi níbi tó dúró sí. Àyè ni kò ní. Imú Persian tó tẹ̀ wọlé yẹn náà tún ń fa kí omi máa dà lójú rẹ̀, ẹ ó sì máa nù ún.

Ẹ má sì rò pé èyí tí kò nírun rárá ló máa rọrùn. Òróró tó ń jáde lára Sphynx kò rí irun tó máa fà á, nítorí náà ó gba kí ẹ máa wẹ̀ ẹ́ déédéé, bí ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Irun Siamese kúkúrú, àmọ́ ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, kò sì fẹ́ kí olówó rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun; ìyà ni kí ẹ fi òun nìkan sílẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Bengal ní tirẹ̀ fẹ́ máa sáré, kó máa gun nǹkan. Nínú àwọn tó lórúkọ, British Shorthair ló sún mọ́ ohun tí ẹ ń wá. Síbẹ̀, ológbò lásán tí kò ní orúkọ ìran kankan, irú èyí tó pọ̀ jù láyé, ni mo fẹ́ràn jù fún yín. Bí ẹ bá ya irun rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó ti tó.

Ní ti ọmọ ológbò, títí tó fi máa pé oṣù 6 ló yẹ kó máa jẹun bí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, a ó sì máa tún un gún ní ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 síra wọn títí á fi tó ọ̀sẹ̀ 16. Ta ló máa bá yín gbé e wá lójú iṣẹ́? Ó máa ń jẹ wáyà, ó sì máa ń ṣeré lóru. Èyí tó wá ká mi lára jù ni pé kò sẹ́ni tó lè fi ọmọ oṣù 2 sọ ìwà tó máa hù bó bá dàgbà. Ti àgbà, ẹ̀ ń wò ó lójú ni. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀, òun náà á mọ̀ yín.

Bí ẹ bá dé ibi tí ẹ ti fẹ́ mú un, ẹ má dúró lé e lórí. Ẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ na ìka kan sí i ní déédéé imú rẹ̀, kí ẹ má sọ̀rọ̀. Èyí tó yẹ yín á rìn wá, á gbóòórùn ìka náà, á fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ gbo ó, á sì padà lọ dùbúlẹ̀. Èyí tó bá gun itan yín tí kò fẹ́ sọ̀ mọ́ dára o, àmọ́ ẹni tó ń wà nílé ló ń wá. Bí ẹ bá rí méjì tó ti ń gbé pọ̀, tó ń lá ara wọn lára, ẹ rò ó dáadáa kí ẹ kó àwọn méjèèjì. Owó oúnjẹ àti ti dókítà á pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n wọ́n á máa bá ara wọn ṣeré títí ẹ ó fi dé.

Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ lẹ ó fún un lóúnjẹ. Ẹ máa kó ìgbẹ́ kúrò nínú àwo yanrìn rẹ̀ lójoojúmọ́, kí ẹ sì fi ìṣẹ́jú 10 sí 15 bá a ṣeré lálẹ́. Bí ẹ bá rìnrìn àjò, kí ẹnì kan máa yà wò ó lójoojúmọ́. Ẹ má gbé òdòdó lílì wọlé, ó ń ba kíndìnrín ológbò jẹ́. Ẹ má sì fún un ní paracetamol láé, pípa ló ń pa á.

Ológbò máa ń fi àìsàn pamọ́, ẹni tí kì í sì í sí nílé lè má tètè rí i. Nítorí náà, bí ẹ bá wọlé lálẹ́, ẹ kọ́kọ́ wo abọ́ oúnjẹ àti àwo yanrìn. Bí kò bá jẹun fún odindi ọjọ́ kan, ẹ pe dókítà ẹranko. Bó bá jẹ́ akọ, tó ń lọ tó ń bọ̀ nídìí yanrìn, tó ń rún ara, tí ìtọ̀ kò jáde, ẹ gbé e lọ lóru ọjọ́ náà, ẹ má dúró dilẹ̀ mọ́.